Kọ́bọ̀ Ẹ̀yìn Ọwọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àánú obìnrin yìí tó ṣe yín jù: ẹnu Mísì Efúà ò dáa. Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Bó bá jókòó sídìí píánò lókè, ẹni tó ń kọjá lọ ní títì á dúró, á gbójú sókè, á gbàgbé ibi tí wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá ti wá síbẹ̀ ló máa tú jáde, á sì ti gbàgbé ẹ̀ kó tó gbé itọ́ mì. Àwọn tó sọ ọ́ sí ni kì í gbàgbé.

Ọmọ Cape Coast ni, lórílẹ̀-èdè Gánà. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì fi pàṣán kọ́ òun náà kí eyín rẹ̀ tó pààrọ̀ tán. Nígbà tí owó epo dé sí Nàìjíríà, tí nǹkan sì le ní Gánà débi pé ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún, Efúà di ẹrù rẹ̀, ó wọ mọ́tò wá sí Èkó. Ó rí iṣẹ́ tísà orin ní ilé ìwé àwọn obìnrin kan. Kò pẹ́ tí ìjọba gba ilé ìwé yẹn, wọ́n ní orin ò sí lára ohun tí àwọn fẹ́ máa kọ́ ọmọ. Ẹlòmíì ì bá padà sílé. Òun ò padà, torí ó ti rí píánò kan.

Píánò yìí wà ní pálọ̀ òkè nílé Àlájì Tìjání, ní Pópó Àgùdà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé ni Àlájì. Bàbá rẹ̀ ló ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà lọ́wọ́ ìdílé Àgùdà kan, àwọn tó ti Brazil dé, tí wọ́n ti tú ká, àwọn yẹn sì fi píánò sílẹ̀ síbẹ̀ torí wàhálà àtigbé e sọ̀kalẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá ti lọ̀ ni wọ́n máa ń tò sórí ẹ̀, àwọn ọmọ ilé á sì máa fi ìkúùkù lù ú. Ọjọ́ tí Efúà wá wo yàrá tí wọ́n fẹ́ gba ayálégbé sí, ó rí i, ó kó aṣọ kúrò lórí ẹ̀ láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnì kankan, ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Àlájì wà nísàlẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ó gbé kẹ́túlù sílẹ̀, ó gun òkè wá tòun ti omi lẹ́sẹ̀.

"Ṣé bí nǹkan yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí nìyẹn?" Àlájì ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ó ń sọ̀rọ̀, Àlájì. Ẹni tó gbọ́ èdè ẹ̀ ni ò sí nílé yín." Yorùbá ẹnu Efúà ò tíì já gaara nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹnu yẹn ti ń ṣiṣẹ́.

Àlájì rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní yàrá tó kọjú sí pálọ̀, ó ní kó máa kọ́ ọmọ níbẹ̀, kó sì fi àwọn ọmọ tòun ṣáájú. Báyìí ni Efúà ọmọ Gánà ṣe di Mísì Efúà ti Pópó Àgùdà.

Àwọn èèyàn mú ọmọ wá, Àgùdà mú tiwọn wá, Mùsùlùmí náà mú tiwọn wá. Àwọn ìyá tó wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó á sọ fún un pé, "Mísì, a ò fẹ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì o." Á ní kò burú. Orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí èèyàn sí sààrì nígbà ààwẹ̀ ló kọ́, ó tún un tò fún ìka ọmọdé, òun ló sì fi ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìyà ibẹ̀ ò mọ ẹ̀sìn. Ó ní kọ́bọ̀ kan tó ń lò. Ọmọ á gbé ọwọ́ lé eyín píánò, Mísì á fi kọ́bọ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Ìka nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró gbagidi bí orí tábìlì. Bí kọ́bọ̀ bá já bọ́, rúlà á tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá sunkún, á ní kó sunkún náà sí ìlù, kó má sun ún kọjá ibi tí orin wà.

Àlímọ̀t ni ìyàwó Àlájì nígbà yẹn, òun nìkan ló sì wà. Òkè Àrin ló ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà, obìnrin tó máa gbé páálí mílíìkì méjì lé ara wọn tí ọrùn rẹ̀ ò ní yẹ̀. Haleem, àkọ́bí rẹ̀, wà lára àwọn tó ń kọ́ píánò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlímọ̀t ti ọjà dé, ó bá àwọn ọmọ nídìí ẹ̀kọ́. Kò wọlé lọ tààrà bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó lọ fọ ọwọ́, ó nù ún dáadáa, ó sì padà wá.

"Mísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ èmi náà."

Ẹni tó ní ojú á ti rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ lọ́kàn obìnrin náà. Efúà ò wo ojú ẹ̀. Ó rò pé eré ni, ó sì ń bínú sí ọmọ kan tó ń da orin rú lọ́jọ́ náà. Ó ní kó jókòó. Ó gbé ọwọ́ ẹ̀ lé eyín píánò, ó fi kọ́bọ̀ lé e. Àlímọ̀t ò tíì tẹ nǹkan kan tí kọ́bọ̀ fi já bọ́. Ó tún un gbé lé e, ó tún já bọ́. Ó gbé e lé e lẹ́ẹ̀kẹta, gbáú nílẹ̀. Efúà bá di ọwọ́ náà mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sókè kí gbogbo àwọn ọmọ lè rí i.

"Ọwọ́ yìí ti gan, Ìyá Haleem. Páálí mílíìkì ti gbà á. Ọwọ́ tó ti gan ò lè tẹ píánò mọ́."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Haleem ọmọ bíbí inú ẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ẹsẹ̀ àga. Àlímọ̀t náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa kọ́bọ̀ náà nílẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mísì," ó sì lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Efúà wá kọ́bọ̀ rẹ̀ títí, kò rí i, ó mú òmíràn nínú pọ́ọ̀sì. Kó tó di àṣálẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí ẹ̀. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn mọ̀ wá dáadáa.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù wọn, kí wọ́n máa lọ. Ẹ ò lè gbàgbé rẹ̀ bí ẹ bá ti dáyé nígbà náà. Àwọn ọmọ Gánà ń kó aṣọ sínú báàgì alábàlà tí orúkọ wọn ò kúrò lára ẹ̀ títí dòní. Efúà ò níwèé. Iṣẹ́ ilé ìwé ló mú ìwé tàkọ́kọ́ wá, iṣẹ́ sì ti lọ. Ó jókòó sídìí píánò, kò tẹ̀ ẹ́, ó kàn gbé ọwọ́ lé e. Cape Coast tó máa padà sí ò ní píánò kankan fún un, bàbá rẹ̀ ti kú, wọ́n ti ta dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Àlájì rò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ó wá ní, "Tísà, mo lè sọ fún wọn pé ìyàwó mi ni yín. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi kírun ní Mẹ́kà, mi ò ní fi purọ́. Bí mo bá máa sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀." Ó ránṣẹ́ pe Ààfáà Ubaydullah, ọ̀dọ́mọkùnrin ni ààfáà náà nígbà yẹn, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ òkè láàárọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí méjì láti mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀. Ààfáà béèrè bóyá obìnrin náà máa kọ́kọ́ ṣe kálímà, kó di Mùsùlùmí.

"Ṣé ó pọn dandan?" Àlájì béèrè.

"Kò pọn dandan. Onígbàgbọ́ ni, ìwé sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn náà. Ẹ lè fẹ́ ẹ bó ṣe wà."

"Ẹ fi ẹ̀sìn ẹ̀ sílẹ̀ fún un nígbà náà. A ò ní torí pé a ń ṣe é lóore ká gba Ọlọ́run ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Oore ni Àlájì rò pé òun ń ṣe. Oore ni lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká máa wo ibi tí oore yẹn ń lọ. Ààfáà ní kí ló fẹ́ fi ṣe sàdáàkì, torí yìgì ò lè so láìsí ẹ̀bùn yẹn látọwọ́ ọkọ fún ìyàwó. Àlájì na ọwọ́ sí píánò. "Òun rè é. Mo fi fún un." Wọ́n ṣàdúà, ó parí. Lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, Àlájì sọ pé ìyàwó òun ni, àwọn ẹlẹ́rìí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì lọ.

Àlímọ̀t wà ní Òkè Àrin ní gbogbo àsìkò yìí. Kò sẹ́ni tó pè é. Ìgbà tó délé nírọ̀lẹ́ ló bá ìyàwó lókè. Àlájì ṣàlàyé fún un pé orí ahọ́n lásán ni, òun ò ní fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yàrá Tísà láé. Àlímọ̀t kúnlẹ̀, ó ní, "Àlùbáríkà, Àlájì." Ó yíjú sí Efúà, ó ní, "Ìyàwó mi, káàbọ̀." Efúà fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé nítorí ìwé ìgbélùú lásán ni gbogbo rẹ̀.

Àlájì pa àdéhùn mọ́, kò fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kírun làásárì tán, á gun òkè, á jókòó sórí àga onípákó, á káwọ́ lé orúnkún, á máa gbọ́ bí Efúà ṣe ń tẹ píánò. Lójoojúmọ́. Àlímọ̀t á gbé oúnjẹ ẹ̀ wá, á dúró tì í, ọkọ rẹ̀ ò ní mọ̀ pé ẹnì kan dúró. Èmi ò ní bú Àlájì. Mo kàn ń sọ pé ọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́rin pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ò jókòó rí láti gbọ́ ohun tí ìyàwó náà rí lọ́jà, ó wá ń jókòó gbọ́ igi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún ń gorí ọdún. Efúà ń kọ́ ọmọ, ó ń kọ́ ọmọ àwọn ọmọ tó ti kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, á lọ tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Dáfídì, olóhùn tẹ́nọ̀ nínú kọ́áyà, sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ. Efúà ní òun ní ọkọ. Dáfídì wò ó, ó ní, "Irú ọkọ wo?" Dáfídì fẹ́ ẹlòmíì, Efúà ló sì tẹ dùùrù ìgbéyàwó náà. Ó padà sílé, ó lu ọmọ tí kọ́bọ̀ kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ débi pé ìyá ọmọ náà ò mú un wá mọ́. Ó ti di ọmọ ilé, ó ti di ìyàwó ilé, kò sì ní ọkọ.

Ọdún bíi mẹ́ta sẹ́yìn ni Àlájì kú, ó ti dàgbà gan-an. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Efúà sunkún nínú yàrá rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó sunkún Àlájì, àmọ́ ká má purọ́, ó ń sunkún ara rẹ̀ náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ní Cape Coast ti kú tàbí kí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Yàrá kan àti píánò kan ló ní láyé, inú ilé olóògbé ni méjèèjì wà.

Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù tán, Àlímọ̀t wọlé tọ̀ ọ́ wá. Òun náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà.

"Ìyàwó mi, o gbọ́dọ̀ bá mi jókòó."

"Ìjókòó wo, ìyáálé mi?"

"Tákàbá. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń jókòó sílé. Ṣé ìyàwó Àlájì kọ́ ni ẹ́? Bí o ò bá jókòó, kí laráyé máa pè ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún? Ayálégbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Efúà lára. Ó rí i pé ọ̀nà àtipa yàrá òun mọ́ nìyẹn, ìyáálé rẹ̀ ló sì ń fi hàn án. Ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, arúgbó obìnrin tí orúnkún ń dùn.

Wọ́n jókòó nínú yàrá kan náà, Àlímọ̀t lórí ẹní tirẹ̀, Efúà lórí ẹní tirẹ̀. Kò sí tìróò, kò sí lọ́fínńdà, kò sí ìjáde. Àlímọ̀t fi aṣọ funfun bo píánò. "Ọ̀ṣọ́ ni orin, ìyàwó mi," ó ní, "opó kì í sì í ṣọ̀ṣọ́." Ó ń bu oúnjẹ fún un kó tó bu tiẹ̀. Bí làkúrègbé bá mú Efúà lẹ́sẹ̀, Àlímọ̀t á fi òrí ra á. Ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe ẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe máa ń fi í ṣẹ̀sín pé ó lágbára bí akọ, bí ìyá rẹ̀ ṣe mú un kúrò nílé kéú torí ọjà. Efúà ò ní arábìnrin rí láyé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń tijú, torí inú ọ̀fọ̀ ni wọ́n wà. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá ti mọ̀ pé báyìí ni obìnrin yìí ṣe rí, òun ì bá ti bá a jókòó tipẹ́.

Àwọn òbí mú ọmọ wá, wọ́n bá píánò lábẹ́ aṣọ funfun. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n mú ọmọ wọn lọ síbòmíì. Pásítọ̀ àti ìyá ìjọ kan wá kí i, wọ́n bá a lórí ẹní pẹ̀lú ìborùn funfun títí dé igbáàyà, wọ́n wo ojú ara wọn. Wọ́n gbàdúrà ráńpẹ́, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní kíbọọ̀dù tirẹ̀.

Láàárọ̀, kí Àlímọ̀t tó ṣe tán lórí ìrun, Efúà á máa fi ìka tẹ etí ẹní, kí ọwọ́ má baà gbàgbé. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, àní nínú àìsàn. Àlímọ̀t á rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbígbóná lé e lórí. "Fọwọ́ sinmi, ìyàwó mi. Fọwọ́ sinmi." Efúà á fọwọ́ sinmi. Nígbà tó yá, ìka ò dìde mọ́ kí wọ́n tó ní kó sinmi.

Ọjọ́ tí tákàbá parí, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tuntun, Àlímọ̀t ló ra ti Efúà fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ogún, ẹbí kún pálọ̀ òkè. Ààfáà Ubaydullah wà láàárín wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Efúà wọlé, ó ń wá ibi tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyáálé rẹ̀.

"Ẹ jókòó sọ́hùn-ún, Mísì," ni Àlímọ̀t wí.

Ẹ jókòó. Mísì. Oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi jọ sùn, "ìwọ" ni, "ìyàwó mi" ni. Efúà jókòó síbi tí wọ́n nawọ́ sí.

Ààfáà pín in bí ìwé ṣe wí, ti ọmọkùnrin, ti ọmọbìnrin, ti opó. Òkè ilé náà bọ́ sí ti Àlímọ̀t, pálọ̀ àti yàrá tó kọjú sí i. Kò dárúkọ Efúà. Ó ń pa ìwé rẹ̀ dé.

"Èmi ńkọ́, Ààfáà?"

"Mísì, ṣé ẹ ti ṣe kálímà?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò ṣe é."

"Mo mọ̀. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í jogún Mùsùlùmí. Sàdáàkì yín nìkan ni tiyín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ṣebí mo jókòó. Mo bá wọn jókòó tákàbá."

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìjókòó wà fún ìyàwó, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe. Ogún ni ò sí." Ojú ń ti Ààfáà, kò fẹ́ wò ó.

"Ẹ kọ́ mi ní kálímà náà. Màá ṣe é báyìí. Níbí yìí."

Èmi ò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe jókòó gbọ́ gbólóhùn yẹn láìdìde kúrò níbẹ̀. Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orin Olúwa láti ọmọdé, ó gbé e kalẹ̀ nítorí yàrá kan. Ààfáà mi orí. "Ó ti pẹ́, Mísì. Bí èèyàn ṣe wà lọ́jọ́ tí olóògbé kú la fi ń wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fún Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn." Efúà ò ṣe é. Kò sì lè wo ara rẹ̀ lójú mọ́ nínú dígí lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, ó bá Àlímọ̀t ní kọ́rídọ̀.

"Ìyáálé mi, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì tí a sin Àlájì. Mo bi Ààfáà, ó sì ṣàlàyé fún mi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ní kí n jókòó?"

"Torí ó tọ́ kẹ́ ẹ jókòó, Mísì. Ṣé mo parọ́ fún yín níbì kan?"

Kò parọ́. Ohun tó mú un burú nìyẹn. Efúà ń tún ọ̀rọ̀ wọn rò látìbẹ̀rẹ̀, ó ń wá irọ́ kan péré tó lè dì mú, kò rí i. Àlímọ̀t ní kó lo oṣù náà tán. Òun fẹ́ fi òkè yẹn kó páálí mílíìkì sí, torí ìkún omi ń ba ọjà jẹ́ nísàlẹ̀. Efúà lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ ní ọ̀dọ́kùnrin oníkíbọọ̀dù náà ń ṣe dáadáa, àti pé kò ní rọrùn láti ṣàlàyé ìborùn yẹn fún ìjọ. Ó kù kó padà sí Gánà tí kò fẹ́ padà sí nígbà tó ṣì lágbára.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, Àlímọ̀t gba àwọn alábàárù láti Apọ́ngbọ̀n. Ó ní wọn ò ní fi ohun ìní ẹni ẹlẹ́ni sínú ilé, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọ́n fi okùn di píánò, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán níbi tí àtẹ̀gùn ti yí. Wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tì í. Bí wọ́n ṣe ń sọ píánò kalẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gbé páálí gòkè. Efúà dúró ti báàgì rẹ̀, takisí tó máa gbé e lọ sí gáréèjì ń dúró dè é. Àwọn èèyàn àdúgbò ti pé, àwọn ọmọdé gun orí ògiri kékeré.

Àlímọ̀t sọ̀ kalẹ̀ wá, Haleem tẹ̀ lé e. Haleem ti di bàbá, orí rẹ̀ ti ń pá.

"Mísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún wa kẹ́ ẹ tó lọ. Kẹ́ ẹ má baà sọ níwájú pé a ba sàdáàkì yín jẹ́."

Efúà ì bá kọ̀. Ṣùgbọ́n títì ń wò ó, ó sì ní ìgbéraga kan tó ṣẹ́ kù sí i lára, ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú ti obìnrin yìí. Wọ́n fi páálí mílíìkì kan ṣe àga fún un. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé eyín píánò. Ìka rẹ̀ ò nà. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn méjì jáde, wọn ò bára wọn mu.

Àlímọ̀t súnmọ́ ọn. Ó tú kókó kan ní etí ìró rẹ̀, ó mú kọ́bọ̀ kan jáde, kọ́bọ̀ ayé àtijọ́ tí kò ra nǹkan kan mọ́, ó ti dúdú. Ó rọra gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́ Efúà.

Efúà wo kọ́bọ̀ náà. Ó wo ìró. Gbogbo rẹ̀ padà wá sórí ẹ̀ nígbà náà, ọ̀sán yẹn, ọwọ́ tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti nù, ẹ̀rín àwọn ọmọ. Kọ́bọ̀ já bọ́. Àlímọ̀t bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó tún gbé e lé e, ó tún já bọ́. Ó gbé e lé e lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọdé orí ògiri tí wọn ò mọ nǹkan kan bú sẹ́rìn-ín. Haleem ò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ kọ́bọ̀ náà, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àlímọ̀t di ọwọ́ Efúà mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kò bínú rárá. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ nínú tákàbá ló fi sọ ọ́.

"Ọwọ́ yìí ti gan, Mísì. Ọwọ́ tó ti gan ò lè tẹ píánò mọ́."

Takisí tẹ fèrè. Efúà dìde lórí páálí. Ó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó ṣa kọ́bọ̀ náà nílẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Haleem," ó sì wọ mọ́tò.